Awọ Mopélọ́lá

Akínlàbí bá Mopélọ́lá ìyàwó rẹ̀ nílé ìwẹ̀, ó ń fi òkúta ha apá rẹ̀ tó gbẹ bí èèpo igi, ẹ̀jẹ̀ sì ń jáde. Ó mú un lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ní táírọ́ọ̀dì, ẹ̀yà kékeré ọrùn tó ń mú ara ṣiṣẹ́, ló ń lọ́ra, tí awọ rẹ̀ fi ń gbẹ.

"Ẹ máa lo oògùn yìí láràárọ̀ kí ẹ tó jẹun. Ẹ fi omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ wẹ̀, kí ẹ sì fi òrí para kí ara tó gbẹ."

Oṣù kan kọjá láìsí ìyàtọ̀. Akínlàbí ní kí àwọn wá oògùn tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mopélọ́lá dá ọkọ rẹ̀ lóhùn pé, "Bàbá Alábá, ẹ jẹ́ kó rọra jinná."

Kò fo oògùn àti òrí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Lóṣù kẹrin, apá rẹ̀ ń dán. Akínlàbí wò ó tìyanutìyanu.

"Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹnu lèmi fi ń pa òwe yìí, Mopé. Ìwà nìwọ fi pa á."