Wáìnì Funfun Tí Ọdẹ́jìnmí Gbà Lọ́wọ́ Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta

Ẹ sún mọ́ mi, kí ẹni tó ń jẹ obì jẹ ẹ́ tán, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kò dùn létí ẹni tó ní ọ̀rẹ́. Ọdẹ ni Ọdẹ́jìnmí, ọdẹ ló sì bí i, ará Ìjàlẹ̀ lẹ́bàá ààlà ilẹ̀ Faransé. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó ku ìyá rẹ̀, Ìbídùn, àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, Mosúnmọ́lá. Àìsàn kan wá mú ìyá náà: ẹnu rẹ̀ kọ oúnjẹ. Iyán di ẹrẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ọbẹ̀ di omi ìfọwọ́, ara rẹ̀ sì ń gbẹ bí ewé tábà lórí àjà. Èrò ọ̀nà kan ló sọ pé wáìnì funfun kan wà tí àwọn Faransé fi ń jẹun, ṣùgbọ́n irú rẹ̀ tó lè la ọ̀fun tó ti dí, ọ̀dọ̀ iwin Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta nínú Igbó Ajẹmu nìkan ló wà. Ọdẹ́jìnmí gbé ìbọn kọ́ èjìká. Ó mú Ajúwọ̀n dání, àbúrò rẹ̀ nínú ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹni tí Ìbídùn ti ń fún lóúnjẹ láti kékeré. Lásìkò yìí oyè Aṣípa Ọdẹ ṣófo, àwọn méjèèjì ló sì tọ́ sí. Ọdẹ́jìnmí kò tilẹ̀ rò ó. Ta ní í ro ibi sí ẹni tí wọ́n jọ ń jẹun nínú àwo kan?

Igbó náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n kọjá lára iwin tó ń fi irun orí gbálẹ̀, wọ́n kọjá lára iwin tó fi etí bora bí aṣọ, títí wọ́n fi dé ilé Ẹlẹ́nu-Mẹ́ta. Ẹnu kan wà níbi tí ẹnu í wà, èkejì wà lọ́rùn, ẹ̀kẹta wà láyà. Ó gbé ìgò mẹ́ta kalẹ̀, ó gbé oúnjẹ mẹ́ta tì í: ẹja, adìẹ tí wọ́n fi bọ́tà sè, àti wàrà oníyọ̀.

Ó ní, “Ọmọ ènìyàn, ilé ọlọ́tí àwọn Faransé ni mo ti kọ́ ìjẹun. Bu ọtí kọ̀ọ̀kan fún oúnjẹ tó ni ín. Bí o bá ṣì í, ẹnu tí o ṣẹ̀ yóò fi orí rẹ pa òǹgbẹ.”

Ajúwọ̀n fà sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù. Ẹ bu ú.”

Ọdẹ́jìnmí tọ́ àkọ́kọ́ wò, èyí tí wọ́n ń pè ní Musikadé. Ó tutù, ó kan díẹ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹja la ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí. Ẹja ló ni èyí.” Ó tọ́ èkejì wò, èyí tó ń jẹ́ Mọsọ́, ó wúwo, ọ̀rá wà nínú rẹ̀. “Ẹni tó wúwo ló ń bá ẹni tó wúwo jìjàkadì. Kí adìẹ máa mú un lọ.” Ó tọ́ ẹ̀kẹta wò, èyí tó ń jẹ́ Sotẹ́ẹ̀nì, adùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ju oyin lọ. “Oyin àti iyọ̀ dà bí àna méjì, wọ́n máa ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn. Wàrà ló ni ín. Ìka tó bá tọ́ sí imú la fi ń romú, bàbá.”

Ẹnu mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́rìn-ín. Ni wọ́n bá jọ jókòó jẹun. Ọdẹ́jìnmí fi ẹja sẹ́nu, ó fi Musikadé tẹ̀ lé e, ẹja náà sì di tuntun lẹ́nu rẹ̀, bí ẹni pé kò jẹ ẹja rí láyé. Ó ti ń mu ọtí kó lè yó láti ìgbà èwe. Kò mọ̀ pé ọtí lè mú kí ènìyàn gbọ́ adùn oúnjẹ tó báyìí. Ó rántí ìyá rẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn gidigidi. Iwin náà fún un ní ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀, wọ́n dé odò tó pààlà igbó náà, níbi tí afárá olókùn wà. Ajúwọ̀n ní, “Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbé ìgò kọjá, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ lè fi ọwọ́ méjèèjì di okùn mú.” Ọdẹ́jìnmí kó ìgò fún un, ó tún dúpẹ́. Bí Ajúwọ̀n ti gòkè tán ló yọ ọ̀bẹ, tó gé afárá.

“Ẹ má bínú,” ló wí láti òdìkejì. “Ìlú kan kì í ní Aṣípa méjì.”

Ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú ló fi ata sẹ́nu yìí. Ó dun Ọdẹ́jìnmí ju ọgbẹ́ lọ. Ó gba orísun odò yí ká láàárín àwọn iwin, ó ń sáré, ó ń ṣubú, oṣù tuntun sì ti lé kó tó rí òrùlé Ìjàlẹ̀.

Àtíbàbà ló bá níwájú ilé wọn. Àwọn tó wà lẹ́yìn àtíbàbà rí i, wọ́n sá, wọ́n ní òkú ọ̀run dé. Mosúnmọ́lá, àbúrò rẹ̀, nìkan ni kò sá nínú wọn.

Ó ní, “Bọ̀dá mi, Màámi mu ọtí tí Ajúwọ̀n gbé dé. Wọ́n ní ó dùn, wọ́n ní ká wá ẹja wá. Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún bèèrè sí i. Wọ́n wá ní, ‘Ọmọ mi ńkọ́, kó wá bá mi jẹ ẹ́?’ Ajúwọ̀n ní ẹkùn ti pa yín jẹ. Màámi tu ẹja ẹnu wọn sílẹ̀, wọ́n kọjú sí ògiri. Wọn ò jẹun mọ́ títí wọ́n fi kú.”

Ọdẹ́jìnmí wo abẹ́ àtíbàbà. Ajúwọ̀n wà níbẹ̀ pẹ̀lú fìlà Aṣípa lórí, ó ń bu Sotẹ́ẹ̀nì fún àwọn àlejò òkú. Nígbà tí Ọdẹ́jìnmí ròyìn bí Ajúwọ̀n ṣe gé afárá, àwọn àgbà ìlú gba fìlà náà lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì lé e kúrò nílùú. Wọ́n gbé fìlà fún Ọdẹ́jìnmí, ó ní òun kò fẹ́ ẹ. Ó lọ jókòó sórí ibojì ìyá rẹ̀, ó sunkún bí ọmọdé.

Bí ikú ilé kò bá pa ni, tòde kò lè pa ni. Iwin ẹlẹ́nu mẹ́ta kò pa Ọdẹ́jìnmí lára. Ẹlẹ́nu kan ló pa á níyàá. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, bí ẹ bá fẹ́ rìnrìn àjò, ẹ kọ́kọ́ wọlé tọ ìyá yín lọ. Ẹ wí fún un pé bí ẹnikẹ́ni bá mú ìròyìn ikú yín wá tí kò gbé òkú yín dání, kí ó máa jẹun rẹ̀ nìṣó.