Lọ́rì Àyọ̀ká àti Ọ̀ọ̀lẹ̀ Gbígbóná

Obìnrin kan wà lápá Òkè-Ògùn tí ń jẹ́ Àyọ̀ká. Awakọ̀ ni. Ọkọ rẹ̀, Láṣebìkan, ló kọ́ ọ ní ọkọ̀ wíwà, nígbà tí ìyẹn sì kú, lọ́rì àtijọ́ tó fi ń kó iṣu ló fi sílẹ̀ fún un. Lọ́rì náà dàgbà ju ọ̀pọ̀ àwọn tí ń wọ̀ ọ́ lọ, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ni Àyọ̀ká ti ń jẹun.

Nígbà tí ikú Láṣebìkan pé ọdún kan, àwọn ẹbí ní kí wọ́n kun lọ́rì náà lọ́dà láti fi ṣe ìrántí rẹ̀. Bùsàrí, àbúrò olóògbé, ló dúró ti ẹni tó ń kùn ún. Ó ní irin kan kò gbọdọ̀ ṣẹ́kù tí ọ̀dà kò kàn, àti abẹ́ ẹ́ńjìnnì pàápàá, kí ayé má bàa sọ pé wọ́n fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ẹ̀gbọ́n òun. Lọ́rì pupa fòò, ó ń dán. Láti ọjọ́ náà ni kò sì gbádùn mọ́.

Iná pupa kékeré tó wà níwájú awakọ̀, tó yẹ kó kú bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń ṣiṣẹ́, kò kú mọ́. Bátìrì kì í gba iná. Kí Àyọ̀ká tó rìn jìnnà, iná iwájú á ti rí bíi ti fìtílà, bó bá sì fi lè pa ẹ́ńjìnnì, àfi kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ wá tì í. Ìtìjú gbáà ni! Bùsàrí, tí ojú rẹ̀ ti wà lára lọ́rì náà tipẹ́, sọ níwájú ẹbí pé òkú irin ni. Ẹbí fẹnu kò: bí lọ́rì bá lè ṣiṣẹ́ láìjẹ́ pé wọ́n tì í kí ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀ tó parí, Àyọ̀ká ló ni ín. Bí kò bá lè ṣe é, kí wọ́n tà á fún àwọn tí ń ra irin àlòkù, kí ẹbí pín owó rẹ̀.

Àyọ̀ká gbé e lọ bá Jayéoba, rewáyà tí ń tún iná ọkọ̀ ṣe, tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ládùúgbò. Ó mọṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Kò tíì wo ọkọ̀ dáadáa tó fi ní ọ́tánétọ̀ ni, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi iná bọ́ bátìrì. Ó tú u, ó tún un ṣe, ó dá a padà. Iná pupa kò kú. Ó pààrọ̀ bátìrì, kò kú. Ó tún tú ọ́tánétọ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Ni ọjọ́ ọjà bá pé. Àwọn tí ń ra irin ti gbé òòlù wọn dé láàárọ̀, wọ́n jókòó sábẹ́ igi létí ọjà, níbi tí Jayéoba ti ń ṣiṣẹ́. Bùsàrí wà láàárín wọn, ó ń run orín.

Ọkàn Àyọ̀ká dàrú, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ebi pa oníṣẹ́. Ó ra ọ̀ọ̀lẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ìkòkò jáde. Jayéoba tú ewé rẹ̀, inú ń bí i, ó ki ọwọ́ bọ àárín ọ̀ọ̀lẹ̀ níbi tó nípọn jù. Ó jó o! Ó sọ ọ́ sórí ewé, ó ń fẹ́ ìka.

Àyọ̀ká rẹ́rìn-ín láìròtẹ́lẹ̀. "Ẹ pẹ̀lẹ́, ọ̀gá. Kí ló gbé yín dé àárín? Ibi pẹlẹbẹ létí yẹn ti tutù, ẹ bá ti ibẹ̀ mú un."

Jayéoba bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ létí. Àyọ̀ká ń wò ó. Ẹ̀rín tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú o. Lára lọ́rì yìí náà, èwo ló rọrùn jù tẹ́ ẹ ò tíì wò?"

"Kí ló kù? Áàtì nìkan, wáyà tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ irin ọkọ̀. Ọmọ iṣẹ́ níí wo ìyẹn, Ìyá Lọ́rì."

"Ẹ bá mi wò ó, ẹ jọ̀ọ́."

Ó kùn sínú, ṣùgbọ́n ó wọ abẹ́ ọkọ̀. Ó fi èékánná ha ìdí wáyà náà.

"Ta ló kun ibí yìí lọ́dà?"

Wọ́n ti tú wáyà náà nígbà tí wọ́n ń kun ọkọ̀, wọ́n kun ojú irin rẹ̀ nípọn, wọ́n wá de wáyà padà lórí ọ̀dà. Iná kò rí ọ̀nà gbà. Ọ́tánétọ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Jayéoba fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà náà títí irin fi funfun, ó sì de wáyà mọ́ ọn pinpin.

Àyọ̀ká ṣíná. Lọ́rì bú ramúramù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Iná pupa kú! Ó tan iná iwájú, ó mọ́lẹ̀ kedere nínú oòrùn. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó tún ṣíná, lọ́rì tún dáhùn. Ó fọn fèrè títí gbogbo ọjà fi hó yèè. Ayọ̀ gba ọkàn rẹ̀, omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún.

Àwọn tí ń ra irin kó òòlù wọn. Orín bọ́ lẹ́nu Bùsàrí.

"Ọkọ mi," Àyọ̀ká pè é láti orí ìjókòó awakọ̀, "ẹ wọlé ká jọ lọ. Ẹ ò ní tì í lónìí."

Bùsàrí wọlé, kí ló fẹ́ ṣe? Jayéoba sì di ẹni tí ń kọ́kọ́ wo áàtì kó tó tú ohunkóhun. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè ìdí, á na ìka tó jó sí i. Àwọn àgbà tó wà lọ́jà lọ́jọ́ náà kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ Àyọ̀ká ṣòfò, òun ni wọ́n fi ń pa òwe títí dòní pé, ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ.