Ẹni Tó Kó Lọ Láìfọ̀rọ̀ Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tó kórìíra ohun jágbajàgba. Òun ló ń tọ́jú ìkànnì ayélujára ilé ìwòsàn àwọn ọmọdé kan. Àwọn nọ́ọ̀sì ti kọ ìmọ̀ràn síbẹ̀ fún àwọn òbí, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gùn gbọọrọ: àmì ìbéèrè, nọ́ńbà, àmì mìíràn, nọ́ńbà. Kò sẹ́ni tó lè kà á fún ẹlòmíràn tí kò ní ṣì í kọ.

Ọkùnrin yìí kọ òfin tuntun fún kọ̀ǹpútà tó gbé ìkànnì náà. Ẹni tó bá ń wá ìmọ̀ràn lórí ọmọ tó mu kẹrosíìnì yóò kàn tẹ orúkọ ilé ìwòsàn, ìlà dídábùú (/), àti "kẹrosíìnì". Ó mọ́ lójú, ó sì rọrùn láti pè. Ọ̀gá rẹ̀ yìn ín. Orí rẹ̀ wú, ó bá gbá gbogbo àdírẹ́sì àtijọ́ dànù.

Obìnrin kan ti tọ́jú àdírẹ́sì gígùn ti ìmọ̀ràn kẹrosíìnì yẹn sórí fóònù rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọ rẹ̀ mu kẹrosíìnì, ó rò pé omi ni. Ìyá sáré tẹ àdírẹ́sì náà. Ohun tó rí ni, "Kò sí ojú ìwé tí ẹ ń wá." Ló bá ṣe ohun tó bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀: ó fi epo pupa rọ ọmọ kí ó lè bì. Ohun tí ojú ìwé náà sì kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe gan-an nìyẹn. Èébì wọ inú ẹ̀dọ̀fóró ọmọ. Ó yè é, ṣùgbọ́n èémí rẹ̀ kò tíì já gaara títí di òní.

Nígbà tí ọkùnrin náà gbọ́, ó lọ bẹ ìyá ọmọ. Ó ṣàlàyé pé ojú ìwé náà kò kúrò níbẹ̀, àdírẹ́sì nìkan ló yí padà.

Obìnrin náà ní, "Bùrọ̀dá, ẹni tó bá ń kó kúrò nílé a máa sọ fún ará ilé pé, 'Bí wọ́n bá béèrè mi, ẹ júwe ibi tí mo wà fún wọn.' Ta lẹ fọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún?"

Ojú tì í gan-an. Ó padà lọ kọ òfin tó gbàgbé: ẹni tó bá wá sí ti àtijọ́, mú un lọ sí ti tuntun.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀, o ti joyè, o ti pààrọ̀ nọ́ńbà fóònù, o ti kó lọ sílé onígéètì. Ó yẹ ọ́, n kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àtijọ́ nìkan ni ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin tó tọ́ ọ mọ̀. Bí ó bá pè ọ́ lónìí, ta ni yóò júwe rẹ fún un?