Bí Ìjàpá Ṣe Tún Omi Ẹja Ẹkùn Ṣe

"Àlọ́ o!"

"Àlọ̀!"

Ẹ dáhùn dáadáa, àbí ẹ ò tíì jẹun ni? Àlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò sókè, ó já jàbú sínú omi ẹja kan lẹ́yìnkùlé. Ó bá Ìjàpá níbẹ̀, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bí olè tó gbọ́ ẹsẹ̀ onílé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fa ilà sí ẹ̀yìn Ìjàpá, kó sún mọ́ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń tòògbé, ẹ máa bá tiyín lọ.

Ẹkùn ló ni omi ẹja náà. Ó gbẹ́ ẹ sẹ́yìn ilé rẹ̀, ó da ẹja ẹpìyà sí i, ó sì ń fi í yangàn kiri ìlú bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ dá omi sáyé. Ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni. Oúnjẹ àjẹkù, ibẹ̀ ló ń dà á sí. Ewé tó bá já bọ́ síbẹ̀, kì í ṣa á. Kò pẹ́ tí omi fi ṣú bí ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ àná. Ojú oró bò ó, àwọn ẹja wá ń yọ ẹnu sókè kí wọ́n tó lè mí.

Ohun tó wá ká Ẹkùn lára ni pé ìdílé Ológbò ń bọ̀ wá tọrọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní ọjọ́ kẹjọ. Àṣà àwọn ẹranko nígbà náà ni pé ìyá àgbà nínú àwọn àna yóò dúró létí omi, yóò na ìka sí ẹja tó wù ú, wọn yóò sì sè é lójú rẹ̀. Bí kò bá rí ẹja, ó parí nìyẹn. Wọ́n á kó ẹsẹ̀ wọn padà, ọmọ á jókòó ti baba rẹ̀. Ọmọ ọ̀hún kì í sì í ṣe ọmọdé mọ́.

Ìjàpá gbọ́. Ẹni tí kì í kí ará ilé rẹ̀ láàárọ̀ wá dọ̀bálẹ̀ fún Ẹkùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ìdúró rẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Ta ló ń gbé inú omi yìí?"

"Ẹja ni."

"Ta ló ń jẹun síbẹ̀, tó ń ṣu síbẹ̀, tó tún ń wẹ̀ níbẹ̀?"

Ẹkùn ronú títí ó fi rẹ̀ ẹ́. "Ẹja náà ni."

"Ẹ ò rí i! Ẹja ló ń ba omi yín jẹ́. Ẹ jẹ́ kí n kó wọn lọ ṣe àlejò nílé mi. Bí omi bá ti mọ́, màá kó wọn padà."

Ẹkùn ní eyín, ó ní èékánná, ó ní ẹwà. Ọgbọ́n nìkan ni wọ́n gbàgbé láti fún un. Ó pàtẹ́wọ́. "Ìjàpá, o mà gbọ́n o!"

Ni Ìjàpá bá ki garawa bọ omi, ó kó ẹja sí i, ó ń kọrin lọ sílé:

Ẹpìyà, ẹ bá mi kálọ,
Jàbú jàbú.
Ilé yín ti dọ̀tí jù,
Jàbú jàbú.
Tèmi gbóná dáadáa,
Jàbú jàbú.

Lọ́jọ́ kejì, ó padà wá.

"Àwọn ẹja mi ńkọ́?"

"Wọ́n ní kí n kí yín, bàbá. Oúnjẹ nìkan ni wọ́n ń bèèrè."

"Kí ni wọ́n ń jẹ?"

"Epo pupa."

"Epo?"

"Àti ata rodo, àlùbọ́sà, iyọ̀ díẹ̀. Ẹja tó ti rìnrìn àjò, ojú rẹ̀ ti là."

Omi bọ́ lójú Ẹkùn. "Mo mà ti ń febi pa wọ́n látọjọ́ yìí!" Ó bu epo, ó bu ata, ó fi àlùbọ́sà tó tóbi jù lé e lórí. Ẹ má fi í ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin náà ti gba èyí tó burú jù bẹ́ẹ̀ gbọ́.

Kí Ẹkùn má baà fura, Ìjàpá ń ṣiṣẹ́ gidi. Ó ń fa ojú oró tu, ó ń kó ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ dà sétí, ó ń pọn omi tuntun láti odò, ó ń fi yanrìn fọ òkúta. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹja ti tán pátápátá sínú ikùn rẹ̀, omi sì ti mọ́ gaara. Ìjàpá dúró létí rẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi tún omi ṣe dé ibi tí ẹni tójú ń dùn pàápàá á fi rí i pé kò sí ẹja níbẹ̀.

"Ìjàpá!" Ẹkùn pariwo láti inú ilé. "Àwọn àna ti dé ẹnu ọ̀nà! Àwọn ẹja dà?"

"Wọ́n ti wà nínú omi, bàbá!"

Bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ ọ́ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wó ẹrẹ̀ etí omi sínú rẹ̀. Ó bẹ́ sí i, ó fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Kí àwọn àna tó dé ẹ̀yìnkùlé, omi ti ki.

Ẹkùn sáré gba iwájú wọn. "Ẹ... ẹ káàbọ̀ o, àna wa. Omi yìí..."

Ìyá Ológbò, tí gèlè rẹ̀ tóbi ju orí rẹ̀ lọ, ti ń fẹ́mú. "Áà! Ẹja ńlá ló ń rú omi báyìí! Èyí tó yọ ẹ̀yìn gọngọ yẹn, òun ni mo fẹ́."

Wọ́n ju àwọ̀n, wọ́n fa Ìjàpá jáde. Ẹrẹ̀ bò ó láti orí dé ìrù. Ó dijú, ó ń la ẹnu, ó ń pa á dé, bí ẹja.

"Àna wa, ẹja wo lẹ pe èyí? Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní," ni Ìyá Ológbò wí.

Ẹkùn kò dá a mọ̀. Ṣùgbọ́n baba ìyàwó wo ni yóò sọ lójú àna pé òun kò mọ ẹja inú omi òun? "Ẹja òkè òkun ni. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá."

"Ṣé ó dùn?"

"Ó dùn ju ẹpìyà lọ!"

Ìyìn yẹn fẹ́ wọ Ìjàpá lára, àfi ìgbà tó gbọ́ ìró ọ̀bẹ. Àwọn Ológbò ti fẹ́ ṣí ìpẹ́ rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ha á lóòró, wọ́n ha á níbùú, kàrà, kàrà, kàrà! "Ìpẹ́ ẹja yìí mà le o!" Bí Ìjàpá bá sọ̀rọ̀, Ẹkùn á pa á jẹ. Bó bá dákẹ́, wọ́n á sè é. Ó dákẹ́.

"Ẹ bá mi wá ata àti epo," ni Ìyá Ológbò wí.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ìyá. Ata àti epo ni mo fi ń bọ́ wọn láti ọjọ́ méje."

Ìyá Ológbò gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. "Ta ló sọ fún yín pé ẹja ń jẹ ata?"

"Ìjàpá ni."

"Ìjàpá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin?"

"Òun ni."

"Tó máa ń gbé ilé rẹ̀ pọ̀n?"

Ẹkùn rọra yíjú wo ẹja. Ẹja la ojú kan.

"Ẹ kú àlejò o," ni ẹja wí.

Ẹkùn fò mọ́ ọn! Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ń yọ̀, Ìjàpá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí gbirigbiri wọ inú igbó. Àwọn àna sán aṣọ wọn mọ́dìí, wọ́n fi ebi lọ sílé. Ọmọ Ẹkùn wo baba rẹ̀ títí, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀yìn Ìjàpá ti rí jágajàga, lóòró àti níbùú. Ojú ọ̀bẹ àwọn Ológbò ni. Ẹ̀yin tí ẹ bá sì ní omi ẹja lẹ́yìnkùlé, ẹ máa ṣa ewé inú rẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ omi rẹ̀, ẹ yéé da àjẹkù sí i. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni.

Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé tí mo fi ṣẹ́rí padà. Bí mo bá parọ́, kí egungun ẹja há mi lọ́fun. Bí n kò bá parọ́, ẹ jẹ́ kí n gbé itọ́ mì lẹ́ẹ̀mẹta kẹ́ ẹ gbọ́: kutú, kutú, kutú. Ó lọ geere.