Fèrèsé Ọ̀fẹ́ Tí Ìjàpá Lẹ̀ Mọ́ Ilé

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó lọ rọ́ lu ilé kan tí kò ní ju fèrèsé kan lọ. Ta ló ń gbé inú rẹ̀? Ẹ má tíì dáhùn. Ọ̀rọ̀ Ìjàpá yìí tilẹ̀ ti sú mi.

Nígbà náà, Ìjàpá nìkan ló mọ ilé kọ́ ní ìlú àwọn ẹranko. Ilé rẹ̀ le dáadáa, àmọ́ inú rẹ̀ ṣókùnkùn bí inú àpò. Ọ̀kẹ́rẹ́, opó tó ń fi eyín gbẹ́ igi, ló wá gbẹ́ fèrèsé àkọ́kọ́. Ẹni tó bá jókòó sídìí rẹ̀ á rí odò, á rí oko, á rí àlejò kó tó kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ìlú ń gbé iṣu wá rà á, àwọn ọmọ Ọ̀kẹ́rẹ́ sì ń jẹun yó.

Inú bí Ìjàpá. "Bí wọ́n bá ń rí òde báyìí, ṣé wọn ò ní rí ilé ìlú mìíràn tó dára ju tèmi lọ?" Ó tọ Ọ̀kẹ́rẹ́ lọ.

"Ọ̀kẹ́rẹ́ ọmọ mi, jẹ́ ká pín in. Máa ta tìrẹ fún àwọn tó kọ́lé sórí igi, kí o fi ti ilẹ̀ sílẹ̀ fún mi."

"Bàbá, ta ló kọ́lé sórí igi?"

"Ó dáa. Wàá rí i."

Bí Ìjàpá ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtè lẹ fèrèsé mọ́ gbogbo ilé tó ń kọ́ nìyẹn. Fèrèsé náà wọ́, ó rí játijàti, ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá yọ ọ́ kó lè fi ti Ọ̀kẹ́rẹ́ sí i, Ìjàpá ò ní bá a tún òrùlé ṣe mọ́. Síbẹ̀ àwọn ará ìlú ń jó: "Ọ̀fẹ́! Ọ̀fẹ́!" Ẹ gbà mí lọ́wọ́ àwọn ẹranko yìí! Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ pé ìgbà wo ni Ìjàpá ti ń ta ni lọ́rẹ. Fèrèsé Ọ̀kẹ́rẹ́ wà nílẹ̀ gbalaja, ebi sì wọlé tọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Ó sunkún lọ bá Erin, ọba wọn. "Kábíyèsí, ẹ jẹ́ kí oníkálùkù yan fèrèsé tó wù ú."

Ìjàpá dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, ilé àti fèrèsé ti di ara kan náà. Ẹni tó bá yọ ọ́, ilé á wó lé e lórí."

Erin ní, "Fi hàn wá."

Ìjàpá sáré kọ́ ilé kékeré kan. Ó da àtè sí i, ó tún dà á, kò mọ̀wọ̀n. Ó kó sínú rẹ̀ kó lè di fèrèsé mú. Oòrùn mú, àtè gbẹ. Erin fi ọwọ́jà fa fèrèsé, fèrèsé ò mira. Ìjàpá yọ orí síta, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ ò rí i? Ara kan náà ni!"

Ó fẹ́ jáde wá gba oríyìn. Òrùlé ti lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn! Ó tì, ó fà, gbogbo ilé ń bá a rìn.

"Ọ̀kẹ́rẹ́, dákun, eyín rẹ nìkan ló lè gbà mí!"

Ọ̀kẹ́rẹ́ wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí egungun ìhà wọn ti yọ. Àánú Ìjàpá ò ṣe é rárá.

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀yin lẹ ní ara kan náà ni. Bí mo bá yọ ọ́, ilé á wó lé yín lórí."

Àwọn ará ìlú rí i pé ẹ̀tàn àtè lásán ni, wọ́n lọ ya fèrèsé ọ̀fẹ́ dànù. Ilé kankan ò wó. Iṣu tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé Ọ̀kẹ́rẹ́.

Ìdí nìyí tí Ìjàpá fi ń gbé ilé rẹ̀ kiri, tó ń ti ojú fèrèsé kan ṣoṣo yọjú wo ayé. Ibi tí mo bá ààlọ́ mi dé rèé. Bí mo bá purọ́, kí ilé Ìjàpá já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́la.