Otsune Gba Ọba Lálejò

Lẹ́sẹ̀ òkè kan ní ilẹ̀ Japan, opó kan tó ń jẹ́ Otsune ní ilé oúnjẹ kan níbi tí wọ́n ti ń gbé àwo tẹ̀lé àwo fún àlejò, ohun tí ilẹ̀ ibẹ̀ bá sì mú jáde lásìkò nìkan ni wọ́n ń sè. Ọba agbègbè náà, tó ń ṣojúkòkòrò sí ilé yìí, wọlé nígbà òtútù, ó ní: “Oúnjẹ ìgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú ọdún ni mo fẹ́ jẹ ní ìjókòó kan, kó jẹ́ èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wá láti orí òkè yín. Bí ẹyọ kan bá yẹ̀, ilé yìí di tèmi.” Otsune kúnlẹ̀. “Kábíyèsí, ẹ jókòó.” Ó gbé ọbẹ̀ iṣu igbó tó ń hó wá, oúnjẹ ìgbà òtútù. Ọba jẹ ẹ́ tán, ó retí títí, kò rí àwo mìíràn. “Èkejì dà?” “Èéhù ọparun ni, Kábíyèsí, oúnjẹ ìgbà ìrúwé. Ó ṣì wà lábẹ́ òjò dídì, àmọ́ ó ń bọ̀. Bó bá ti hù báyìí, màá sè é. Ẹja odò orí òkè, tìgbà ooru, ló kàn, ká tó wá kan olú ìgbà ìkórè. Ẹ ṣáà má dìde o, ìjókòó kan lẹ pè é.” Ọba wo òjò dídì níta, ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀ tó ti ń ro ó lórí ẹní, ló bá bú sẹ́rìn-ín. “Mo ti yó, ìyá,” ló wí, ó sì nawọ́ kí wọ́n fa òun dìde.