Ìkòkò Tí A Kì Í Dá Sọ̀

Obìnrin kan wà tó bí ọmọbìnrin kan. Ọmọ náà pé ọdún méje, kò tíì sọ̀rọ̀. Èṣí ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ojú ń ti ìyá rẹ̀. Nígbà tí àwọn obìnrin àdúgbò bá ń lọ sódò láàárọ̀, ilé ló ń jókòó sí. Ó di ọ̀sán gangan, tí odò ti dá páropáro, kí ó tó mú ọmọ lọ.

Ẹ kúkú mọ bí ìkòkò omi ti rí. Èèyàn lè dá rù ú délé, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn ló ń báni gbé e rù, ẹlòmíràn ló ń báni sọ̀ ọ́. Obìnrin yìí ń dá gbé, ó ń dá sọ̀. Ìkòkò mẹ́ta ló ti fọ́. Ọrùn ń dùn ún, kì í sì í rí oorun sùn.

Lọ́jọ́ kan, ó dé ẹnu ọ̀nà ilé, ó fẹ́ rọra lóṣòó, ni ọmọ bá dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ó ní kó kúrò, kò kúrò. Bí ìkòkò bá bọ́, orí ọmọ ni. Ọrùn rẹ̀ ti ń gbọ̀n. Ló bá ké: "Ẹ wá sọ̀ mí o, ẹ jọ̀ọ́."

Ìyá àgbà ilé kejì ló kọ́kọ́ yọ, obìnrin méjì tẹ̀ lé e. Wọ́n sọ ìkòkò kalẹ̀, omi kò ta sílẹ̀.

"Àṣé o lẹ́nu," ni ìyá àgbà wí. "A ṣe bí ọrùn ìrókò lo ní."

"Ẹ má bínú, ìyá. Ọmọ mi ni mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí."

"Ọmọ tí à ń gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ lẹ́yìn ògiri lójoojúmọ́? Mú un wá bá mi lọ́sàn-án ọ̀la, kí o lọ sùn."

Ó mú un lọ. Ó sùn. Láti ìgbà náà, àárọ̀ ni òun náà ń bá ẹgbẹ́ lọ sódò, ọmọ ń tẹ̀ lé wọn, òṣùká lọ́wọ́.

Kò pé oṣù mẹ́fà, ìyá àgbà ti oko dé pẹ̀lú agbọ̀n ilá lórí. Kò tíì la ẹnu tí ọmọ náà fi gun àpótí, tó na ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ agbọ̀n. Àwọn méjèèjì jọ sọ̀ ọ́.

Ìyá àgbà wo gbogbo àwọn tó wà lágbàlá. "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ẹlẹ́nu. Èyí tí kò sọ̀rọ̀ ló rí mi."

Ìyá ọmọ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ìwọ ìyá tí ọmọ rẹ kò tíì ṣe ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe, dídá gbé, dídá sọ̀ ló ń pa ọ́. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà ọ́ pé àwọn aládùúgbò ò ní dáhùn. Ó ti bà mí náà rí. Pè wọ́n ná. Ọmọ tí o ń fi pamọ́ yẹn, ó lè jẹ́ òun ni yóò bá ẹlòmíràn sọ ẹrù rẹ̀ lọ́la.